Bí a ṣe ń ka àwòrán Àwọn Ikọ̀ tí Holbein yà

Ojú àwọn ọkùnrin méjì tí Hans Holbein yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1533 kò sọ nǹkan kan. Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò fajú ro. Láyé ìgbà yẹn, ẹni iyì kì í jẹ́ kí ojú rẹ̀ tú àṣírí inú rẹ̀, nítorí náà ohun tó yí wọn ká ni à ń kà.

Ọjọ́ àti ipò ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Jean de Dinteville, tó wà lápá òsì wa, ni ikọ̀, ìyẹn aṣojú, ọba Faransé. Georges de Selve, bíṣọ́ọ̀bù, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́dún yẹn gan-an ni wọ́n dé Anne Boleyn ládé ayaba, tí àárín ọkọ rẹ̀, Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti póòpù sì ń dàrú.

Ó wá kan tábìlì onípele méjì tó wà láàárín wọn. Ohun èlò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ àti àkókò ló kún òkè. Nísàlẹ̀, okùn kan ti já lára lúùtù, ohun orin tó jọ gìtá. Ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Okùn a máa já. Ṣùgbọ́n orin Martin Luther, àlùfáà tó ta ko póòpù, ló wà nínú ìwé orin tó ṣí sílẹ̀ nítòsí rẹ̀, ibi ìṣirò pínpín ni ìwé ìṣirò àwọn oníṣòwò sì ṣí sí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, lọ́dún tí ìjọ ń fà ya: ìyapa ni wọ́n ń wí. Àmì tí kò bá bá ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ mu, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun gbọọrọ kan dábùú ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn. Iwájú gangan kọ́ la ti ń mọ̀ ọ́n. Ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwòrán náà wà, ẹ lọ sápá ọ̀tún, ẹ sún mọ́ ògiri, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: agbárí òkú ni! Kékeré kan tún wà lára fìlà Dinteville. Lókè lọ́wọ́ òsì, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé bo ìdajì ère Jésù lórí àgbélébùú. Ibẹ̀ ni ìbànújẹ́ àwòrán náà wà, lábẹ́ gbogbo aṣọ olówó iyebíye yẹn.

Ojú òde òní ló sábà máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Nínú àwòrán oníṣòwò Arnolfini àti ìyàwó rẹ̀ tí Jan van Eyck yà ní 1434, ọ̀pọ̀ ń sọ pé ìyàwó lóyún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ rẹ̀ tó gùn ló kó jọ síwájú ikùn, bí oge ìgbà náà ṣe rí; van Eyck ya àwọn wúńdíá mímọ́ bẹ́ẹ̀ náà.