Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ baba ńlá àti orúkọ ìdílé

Ìwádìí baba ńlá kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ baba ńlá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wádìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ á dárúkọ òbí rẹ̀, ti òbí á dárúkọ òbí àgbà, á sì máa lọ sẹ́yìn ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fo ìran kan, tó lọ dì mọ́ gbajúmọ̀ kan nítorí pé orúkọ wọn dọ́gba, ìdílé onídìílé ló ń wádìí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ọjọ́ 1 oṣù Keje 1837 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sínú ìwé. Kò sí èyí tó wúlò tó ìwé ìgbéyàwó, torí orúkọ bàbá ọkọ àti ti bàbá ìyàwó máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Ohun tó ṣáájú ìyẹn, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni kí a yẹ̀ wò. Láti 1538 ni àṣẹ ti wà pé kí wọ́n máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀.

Àmọ́ ìwé náà máa ń ṣini lọ́nà. Nínú ìkànìyàn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1841, wọ́n ní kí wọ́n gé ọjọ́ orí àwọn àgbàlagbà wálẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún. Ọkùnrin ẹni ọdún 39 á di 35. Ẹni tó bá fi èyí ṣírò á máa wá ìrìbọmi ọmọ tí wọ́n bí ní 1806, bẹ́ẹ̀ 1802 ni wọ́n bí i. Ó sì lè bá ọmọ ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà níbẹ̀, kó gbé e. Sípẹ́lì náà ńkọ́? Bí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ ló ń kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé á fa X sábẹ́ rẹ̀, Smith á di Smyth, kò sì ní mọ̀.

Orúkọ ìdílé pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ níbi púpọ̀. Ní Japan, 1875 ló di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ní Tọ́kì, òfin 1934 ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì tó láti fi mọ ẹbí: Smith ni alágbẹ̀dẹ, abúlé wo ni kò ní alágbẹ̀dẹ? Orúkọ tó ṣọ̀wọ́n ló ń tètè sọ̀rọ̀. Bí a bá to àwọn tó ń jẹ́ ẹ nínú ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ti 1881 sórí máàpù, wọ́n sábà máa ń ṣùjọ sí agbègbè kan, ibẹ̀ sì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì.

DNA, ìyẹn àbùdá inú ara tí a ń jogún lọ́wọ́ òbí, náà ń ràn wá lọ́wọ́. Krómósómù Y, apá DNA tí àwọn ọkùnrin ń ní, ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sára ọmọkùnrin, bí orúkọ ṣe ń bọ́. Bí ti ọkùnrin méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bá yàtọ̀ pátápátá, ó lè jẹ́ pé orísun méjì ni orúkọ náà ní, tàbí pé ẹnì kan nínú ìran náà jẹ́ ọmọ àgbàtọ́, tàbí pé orúkọ ìyá ló ń jẹ́. Èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn, inú ìwé ni a ó ti padà lọ wá a.