Kí Ẹ Tó Ra Ọrun: Hoyt, Win&Win, Mathews, PSE tàbí Bear?

Ẹni tó fẹ́ ra ọrun àkọ́kọ́ sábà máa ń béèrè ilé iṣẹ́ tó dára jù. Ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí apá òun ṣe gùn tó, àti ìwúwo tí òun lè fà tí ọwọ́ kò ní gbọ̀n. Ẹ na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnìkan fi téèpù wọ̀n yín láti orí ìka àárín kan dé orí èkejì, kí ẹ sì fi 2.5 pín in. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 175, ìfà rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe lè fa ọsán jìnnà tó, á tó sẹ̀ǹtímítà 70, ìyẹn bí íǹṣì 27 àbọ̀. Láìsí iye yìí lọ́wọ́, ẹ má tíì wọ ṣọ́ọ̀bù.

Oríṣi ọrun méjì ló pọ̀ jù lọ́jà. Recurve ni èyí tí ṣóńṣó apá rẹ̀ (ẹ̀ka òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó ń tẹ̀ tí a bá fà á) tẹ̀ padà síwájú. Títí di Paris 2024, òun nìkan ni wọ́n fi ń díje ní Òlíḿpíìkì, láti mítà 70. Compound ní kẹ̀kẹ́ lẹ́nu apá. Holless Wilbur Allen, ará Missouri ní Amẹ́ríkà, ló gba ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí rẹ̀ lọ́dún 1969. Tí ẹ bá fà á dé òpin, kẹ̀kẹ́ á gba ọ̀pọ̀ ẹrù náà lọ́wọ́ yín. Ọrun pọ́n-ùn 60 tó ń dẹ̀ ní ìdá 80 nínú 100, pọ́n-ùn 12 péré lẹ máa dì mú bí ẹ ṣe ń wojú àmì.

Nínú recurve, Hoyt àti Win&Win ló ń dù ú. Earl Hoyt dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1931. Salt Lake City ni ilé iṣẹ́ náà wà báyìí. Win&Win jẹ́ ti Kòríà Gúúsù, akọ́nimọ̀ọ́ṣe ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè náà tẹ́lẹ̀, Park Kyung-rae, ló dá a sílẹ̀ ní 1993. Àwọn obìnrin Kòríà ti gba góòlù ẹgbẹ́ ní Òlíḿpíìkì mẹ́wàá léra wọn láti 1988, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn rò pé ọrun Kòríà ló ń ta ọfà fún wọn. Ìdánrawò ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bí apá ṣe ń wọ inú ìdìmú, àárín ọrun tí ọwọ́ ń dì mú. Hoyt ló gbé ìlànà tí gbogbo ayé ń pè ní ILF (International Limb Fitting) jáde, ilé iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé e. Apá Win&Win tó jẹ́ ILF á wọ ìdìmú Hoyt tó jẹ́ ILF wẹ́rẹ́. Àmọ́ Hoyt tún ní ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ Formula, apá ILF kò sì ní wọ̀ ọ́. Ibí ni àwọn tó ń ra àlòkù ti ń ṣubú: wọ́n á rí ìdìmú Formula ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n á ra apá ILF tì í, ẹnu wọn kò ní bára mu. Samick Sage, ọrun íǹṣì 62 tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ILF rárá.

ILF ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rà, torí pé apá lẹ ó máa pààrọ̀. Àgbàlagbà lè bẹ̀rẹ̀ ní pọ́n-ùn 24, kó lọ sí 28, kó tó dé 32, lórí ìdìmú kan náà. Bóòtù tó di apá mọ́ ìdìmú tún lè fi bí ìdá 10 nínú 100 gbé ìwúwo náà sókè tàbí kó dín in. Ìwúwo tí wọ́n kọ sára apá jẹ́ ti ìfà íǹṣì 28. Íǹṣì kan lókè tàbí nísàlẹ̀ ń yí i ní bíi pọ́n-ùn méjì. Apá kábọ́nù fúyẹ́, kì í sì í tètè lọ́, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ ná owó bẹ́ẹ̀ sí lórí apá tí ẹ máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Igi tí wọ́n fi fáíbà bò ti tó.

Ti compound yàtọ̀. Kẹ̀kẹ́ ló ń dá ìfà dúró, nítorí náà bí gígùn rẹ̀ kò bá bá yín mu, ìlànà ìdúró yín á bàjẹ́, ẹ ó sì máa jágbọ́n tì í. Mathews, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, tó sì wà ní Sparta, Wisconsin, ló sọ ọrun oníkẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo di gbajúgbajà. PSE wà ní Tucson, Arizona. Pete Shepley ló dá a sílẹ̀ ní 1970. Bear ni ilé iṣẹ́ Fred Bear, láti 1933. Fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà tàbí ilé tí èèyàn mẹ́ta ti fẹ́ lo ọrun kan, mo fara mọ́ irú Bear Cruzer G2: ó ń lọ láti pọ́n-ùn 5 dé 70, ìfà láti íǹṣì 12 dé 30.

Ẹ ṣọ́ra fún eré ọfà tí wọ́n kọ sínú ìpolówó. "Ẹsẹ̀ bàtà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan" jẹ́ ti pọ́n-ùn 70, ìfà íǹṣì 30, ọfà gíréènì 350 (gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọfà). Ẹni tó ń fà íǹṣì 28 ti pàdánù bí 20. Tí ọfà rẹ̀ bá wúwo dé gíréènì 420, bí 20 mìíràn tún lọ. Ó ku nǹkan bí 300. Mathews, PSE àti Hoyt, gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún yan ọrun. Ẹ béèrè ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń tẹ apá compound nítòsí yín, nítorí láìsí i, ọ̀pọ̀ compound kò ṣeé pààrọ̀ ọsán rẹ̀. Ọsán já, ọrun dọ̀pá. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tún rántí pé òfin kò gbà kí a fi ọrun ṣọdẹ níbẹ̀. Ojú àmì nìkan ni.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fi òwú rọra nu apá láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tí òwú bá ti há, ó ti là níbẹ̀. Ẹ mú recurve dání, kí ẹ fi ojú kan wò ó láti ṣóńṣó. Bí ọsán kò bá pín apá sí méjì gẹ́lẹ́, apá ti lọ́. Kí ẹ sì bi olówó rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti fà á, tó jọ̀wọ́ rẹ̀ láìsí ọfà nínú rẹ̀. Agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ ló ń padà sínú apá àti kẹ̀kẹ́, ìfọ́ náà sì lè má hàn títí di ọjọ́ tí ẹ máa fà á.