Kí ni sìlóò, kí ló sì dé tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi onínọ́sù fi ń kú lórí rẹ̀?

Sìlóò ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe yíyí jẹ́jẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà tí a kò fa tírótù, èyí tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, tí jíà kò sì wọlé. Lára ẹ́ńjìnnì sítúróòkì mẹ́rin tí a ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, ó sábà máa ń wà láàárín ìyípo 600 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán, ṣùgbọ́n ìwé tó bá a wá ni yóò sọ iye tirẹ̀ gan-an. Bó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án láàárọ̀, àìsàn kọ́: ó ń yáná ni.

Lára ẹ́ńjìnnì oníkábúrétọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akérò lórí Ọ̀sà Èkó ṣì ń lò, súkúrù kékeré kan ni a ń yí tí sìlóò fi ń dúró. Ẹ́ńjìnnì onínọ́sù kò gba irú ìyẹn. Nọ́sù ni ẹnu tó ń fín epo wọlé, bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló sì ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ẹnu náà tó padà dé, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ti àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná ẹ́ńjìnnì, agbára afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, àti ibi tí tírótù wà. Nígbà tí tírótù bá wà ní pípadé, fáàfù kékeré kan ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìwọ̀nba gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bréènì bọ́ọ̀sì ló ń ṣí i, òun náà ló ń pa á dé. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ kan súkúrù tí wọ́n fi dá tírótù dúró láti ilé-iṣẹ́. Bó bá yẹ̀, irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ tírótù yóò máa pa fún bréènì bọ́ọ̀sì, àìsàn kan yóò sì di méjì.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá orí sìlóò nìkan ni ìṣòro náà ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n lórí sìlóò, tó sì ń sáré dáadáa bí a bá fa tírótù, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí: fáàfù sìlóò tí ìdọ̀tí ti dí, tàbí rọ́bà tó ya tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ yọ́ wọlé. Pulọ́ọ̀gì tó ti jẹ àti nọ́sù tó ti dí díẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ọkọ̀ bá ti dúró fún oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí kò bá lágbára lórí eré, tó tún ń kú lórí sìlóò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo kò tó o. Kí a tọ páìpù lọ sí tánkì.

Ẹ́ńjìnnì kan tí mo lò rí máa ń dúró lórí sìlóò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, yóò sì kú. Mo ti fẹ́ ra nọ́sù tuntun kí n tó wo rọ́bà tó rí bí ẹyin lára páìpù epo, èyí tí a fi ń fún epo wọlé: ó ti rún pẹlẹbẹ bí ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ọmọdé fa omi inú rẹ̀ tán. Ẹnìkan ló ti dé ihò ìmí orí ìdérí tánkì pa. Epo ń jáde, afẹ́fẹ́ kò rọ́nà wọlé rọ́pò rẹ̀, pọ́ǹpù sì ń fa òfo. Kò kú lójú ẹsẹ̀ nítorí pé tánkì kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, tó ń tọ́jú epo fún pọ́ǹpù oníná tó ń tì í lọ sí nọ́sù; ìgbà tí ìyẹn bá gbẹ ni wàhálà ń yọjú.

Bí rọ́bà náà kò bá rún, ẹ fi ọwọ́ fún un léraléra bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú. Bó bá sọjí, pọ́ǹpù àkọ́kọ́, èyí tó ń fa epo láti tánkì, ló ti rẹ̀, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa wọlé láti ibi ìsopọ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ da epo inú fílítà sínú ìgò funfun, kí iná tàbí sìgá má sí nítòsí, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò wà, tí epo yóò léfòó lórí rẹ̀. Epo inú kẹ́ẹ̀gì lè ní omi.

Témósítáàtì (fáàfù tó ń dá omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná) tó há sí ṣíṣí náà ń da sìlóò rú, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, bréènì bọ́ọ̀sì yóò sì máa fún un ní epo àpọ̀jù. Ẹ yọ ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì wò: bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, tó sì ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Bátìrì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, bẹ́ẹ̀ iná ni pọ́ǹpù oníná àti bréènì bọ́ọ̀sì fi ń ṣiṣẹ́. Orí sìlóò ni ẹ́ńjìnnì ti ń ṣe iná díẹ̀ jù, iyọ̀ inú omi sì ń jẹ ẹnu bátìrì títí yóò fi hu ìpẹtà. Ẹ nù ún, ẹ dè é le, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi, nítorí pé rọ́bà pọ́ǹpù omi yóò jóná lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Iná bátìrì sábà máa ń ju fóòtì 13 lọ. Bí gbogbo èyí bá péye, ìgbà náà ni kí ẹ pe ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè ka ohun tí bréènì bọ́ọ̀sì ti kọ sílẹ̀.