Ohun tí kálàmù ń ṣe lókè ìwé

Ẹ ya àgbélébùú kan síwájú ọmọ ọdún mẹ́rin méjì, kí ẹ ní kí kálukú ya irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n yà lè jọra bí ìbejì. Síbẹ̀, ọ̀kan yà á wéré, èkejì làágùn kó tó dé ìlà kejì. Ìwé kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, torí ibi tí ìrìn parí sí nìkan ni ìwé mọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń yẹ ìkọ̀wé àti ìyàwòrán ọmọdé wò fi ń lo pátákó oníná, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Wacom ń ṣe. Wọ́n á lẹ ìwé gidi mọ́ ọn lórí, wọ́n á fún ọmọ ní kálàmù tó ń kọ bíi bírò. Bí ìgbà 100 sí 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, pátákó náà á ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ẹnu kálàmù wà àti bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó.

Ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni pé kò tilẹ̀ di dandan kí kálàmù kan ìwé. Bó bá gbéra sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, pátákó ṣì ń rí i. Ní 2003, Sara Rosenblum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì gbé iṣẹ́ jáde lórí ìrìn òkè yìí láàárín àwọn ọmọ iléèwé. Kálàmù àwọn tí ìkọ̀wé nira fún máa ń pẹ́ lókè ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, kì í sì í dúró jẹ́ẹ́: ó ń rìn kiri, ó ń wá ibi tí yóò sọ̀ sí.

Ẹni tó bá ti wo onídùndún dáadáa yóò mọ èyí. Kì í ṣe ojú awọ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹgọ́ ọ̀gá ṣe ń padà sókè ló ti mọ ibi tó kàn, ọwọ́ kejì sì ti ń fún ọsán mọ́ra kí ohùn tó jáde. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè lu ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹgọ́ tirẹ̀ á so rọ̀ lókè, á máa rò ó. Ẹ fi òwú dí etí, kí ẹ máa wo ọwọ́ nìkan, ẹ ó mọ ọ̀gá yàtọ̀.

Nítorí náà, eré orí fóònù tí ọmọ ń fi ìka tọ ìlà, tí ìràwọ̀ ń já bọ́ bó bá ti parí, kì í ṣe àyẹ̀wò, bó ti wù kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Ìka kò di nǹkan kan mú. Bó bá sì ti kúrò lójú fóònù, fóònù kò mọ ibi tó gbà mọ́. Títọ ìlà tó ti wà nílẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí kí ojú wo àwòrán, kí ọwọ́ dá a yà.

Dígí ojú fóònù náà ní àléébù tirẹ̀. Ó ń yọ̀. Bí ìwé ṣe ń họ ẹnu pẹ́ńsù ni ọmọ kékeré fi ń mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Lórí dígí, ìlà lè sá kọjá ibi tó yẹ kó dúró, a ó sì ka àléébù dígí sí ọmọ lọ́rùn. Ìwé tí wọ́n lẹ mọ́ pátákó yẹn, ọgbọ́n gidi ni.

Pátákó á sọ pé kálàmù dúró lókè fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kó tó sọ̀. Bóyá ìka ló rẹ̀ ẹ́, bóyá ojú ló ń wá ibi tí ìlà méjì ti pàdé, bóyá ewúrẹ́ ló kọjá lójú fèrèsé, olùkọ́ tó jókòó ti ọmọ ló rí ìyẹn.