Ìwé méjì, èsì méjì: èwo ni ká gbà gbọ́ nínú àyẹ̀wò HIV?

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wọlé wá bá mi ní láábù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n tú ìwé méjì jáde látinú ọ̀rá dúdú, wọ́n tẹ́ wọn síwájú mi. Ìkínní wá láti ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ládùúgbò wọn, ó ní wọ́n ní kòkòrò HIV. Ìkejì, tí wọ́n lọ ṣe níbòmíràn lọ́jọ́ kẹta, ó ní wọn ò ní in. "Ọmọ mi, èwo ló ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì?" Ìbéèrè wọn rèé, pẹ̀lú díẹ̀ nínú èyí tí àwọn mìíràn máa ń bi mi.

Ìbéèrè: Ṣebí wọ́n kọ ọ́ sára páálí kíìtì, ohun tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, pé ó ń gbà á ní 99 nínú 100? Báwo ló ṣe wá ń ṣi èèyàn mú?

Ìdáhùn: Wọ́n kọ ọ́, wọn ò sì parọ́. Ohun tí wọn ò sọ ni pé iṣẹ́ méjì ni kíìtì ń ṣe, nọ́ńbà méjì ló sì yẹ kéèyàn bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ilé ìdáná. Ẹni tó bá dàgbà ní Abẹ́òkúta ti ṣa ìrẹsì Ọ̀fàdà rí. Màmá mi àgbà á da tiwọn sórí àtẹ, wọ́n á ní kí n ṣa òkúta inú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni mo lè gbà jẹ̀bi. Mo lè fi òkúta sílẹ̀, kí eyín àlejò kán sí i. Mo sì lè máa ju ìrẹsì tó dúdú díẹ̀ dànù mọ́ òkúta, kí màmá bojú wo ilẹ̀, kí wọ́n pariwo pé mo ń da owó àwọn nù.

Ojú tó ń rí òkúta ni àwa oníṣẹ́ láábù ń pè ní sensitivity: nínú 100 ẹni tó ní kòkòrò náà lóòótọ́, mélòó ni kíìtì máa mú? Ojú tó dá ìrẹsì mọ̀ ni specificity: nínú 100 ẹni tí kò ní in, mélòó ni kíìtì máa fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn? Ọ̀kan kò lè ṣojú fún èkejì. Ọmọ tó bá da gbogbo àtẹ sí ààtàn kò fi òkúta kankan sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n kí la máa jẹ lálẹ́?

Fún kíìtì HIV ojú ẹsẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí sensitivity má dín ní 99 nínú 100, kí specificity má sì dín ní 98.

Ìbéèrè: 99 àti 98 mà dáa o. Níbo ni àṣìṣe ti wá ráyè wọlé?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣírò. Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018, tí wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2019, sọ pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ẹni ọdún 15 sí 49, nǹkan bíi 1.4 ló ní HIV. Ká ní a pe 10,000 irú wọn jọ sí pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀. Àwọn 140 á ní in, àwọn 9,860 kò ní ní in.

Kíìtì á mú 139 nínú àwọn 140, ọ̀kan á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó dáa nìyẹn. Àmọ́ ó máa ń ṣi èèyàn 2 mú nínú gbogbo 100 tí kò ní in, méjì-méjì inú 9,860 sì jẹ́ nǹkan bíi 197. Ní báyìí, èèyàn 336 ló mú pé wọ́n ní in. 139 péré nínú wọn ni ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún. Kò tó ìdajì!

Kíìtì kò bàjẹ́. Àwọn tí kò ní in ló pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìrẹsì tí òkúta inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ohun tí ọmọ bá kó sọ́wọ́ pé òkúta ni, ìrẹsì ló máa pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbé kíìtì kan náà lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ti ń rù, tí ikọ́ kò fi lọ́rùn sílẹ̀. Ká ní 2,000 ló ní in nínú 10,000 wọn. Á mú 1,980 tó jẹ́ òótọ́, á ṣi 160 mú. Ẹni tí ilà méjì bá jáde fún lórí kíìtì níbẹ̀, tó túmọ̀ sí pé kíìtì ní ó ní in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ní in lóòótọ́. Páálí kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí n kì í fi dá ẹni tó bá bi mi pé "Kíìtì yìí dáa?" lóhùn kí n tó bi í pé, "Ta lẹ fẹ́ yẹ̀ wò?"

Ìbéèrè: Ṣé kí n gba ìwé ìkejì gbọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má tíì jó. Èsì méjì tó ta kora kò tíì dá ẹjọ́ kankan. Lọ́dún 2019, WHO ní kí èsì àyẹ̀wò mẹ́ta bára mu kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ní HIV. Ẹ wo ohun tó ń ṣe sí àwọn 197 wa: àyẹ̀wò ìkejì á tú gbogbo wọn sílẹ̀ àfi nǹkan bíi 4, lẹ́yìn ìkẹta, kò ní ku odindi ẹnì kan tí wọ́n ṣì mú. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kíìtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọmọ kan náà bá tún àtẹ kan náà ṣà, ìrẹsì dúdú tó jù lẹ́ẹ̀kan ló máa tún jù.

Tí ọ̀kan bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí èkejì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Bó bá ṣì ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni náà á padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí màmá lọ ṣe ìkan ṣoṣo, ó kọ "ó ní in" sórí ìwé, ó sì kọjá sórí ẹni tó kàn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Ìbéèrè: Ta ló jókòó ka 99 yìí gan-an?

Ìdáhùn: Wọ́n á kó ẹ̀jẹ̀ tí àyẹ̀wò tó lágbára jù ti fìdí òtítọ́ rẹ̀ múlẹ̀, èyí tó ní in àti èyí tí kò ní in. Wọ́n á gbé e fún ẹni tí kò mọ èwo ni èwo, á fi kíìtì tuntun yẹ gbogbo rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ìdáhùn rẹ̀ wé òtítọ́.

Ẹnì kan gbé kíìtì wá tà fún wa rí, ó ní 100 nínú 100 ni tiẹ̀. Mo bi í pé ẹ̀jẹ̀ mélòó. Ó ní 30. Ọ̀gbẹ́ni, ohun tó gba 30 láìṣì lè máa ṣi ọ̀kan nínú gbogbo 10, kó jẹ́ pé orí ló bá a ṣe é. Kó gba 300 láìṣì kó tó lè fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà pé àṣìṣe òun kò ju ọ̀kan lọ nínú 100. Mo tún bi í pé ẹ̀jẹ̀ àwọn wo. Tó bá jẹ́ àwọn tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ni wọ́n kó jọ pẹ̀lú àwọn géńdé tí ara wọn le, ọmọ tí òkúta rẹ̀ tó kóró àgbàdo ni, ta ni kò ní rí i?

Ìbéèrè: Wọn ò ṣe kàn fún wa ní nọ́ńbà kan, pé "ó ń gbà á tó báyìí"?

Ìdáhùn: Torí pé èmi náà lè jókòó sábẹ́ igi ní Láfẹ́ńwá láìní kíìtì, kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé "O ò ní in." Màá gbà á fún 98.6 nínú 100, síbẹ̀ mi ò ní rí ẹyọ ẹnì kan mú nínú àwọn tó ní in.

Ìbéèrè: Ẹni tí ilà kan ṣoṣo jáde fún ńkọ́? Ṣé ó ti bọ́?

Ìdáhùn: Ó kù sí ìgbà tó kó sínú ewu. Ọ̀pọ̀ kíìtì ojú ẹsẹ̀ kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara dá láti bá a jà ni wọ́n ń wá, ó sì lè tó ọjọ́ 23 sí 90 kí wọ́n tó pọ̀ débi tí kíìtì á fi rí wọn. Ẹni tó bá ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹni tó sì ti ń lo oògùn rẹ̀, kó jọ̀ọ́ má lọ tún un ṣe láti fi jẹ́rìí ìwòsàn nínú ìsìn. Oògùn lè mú kí ilà náà ṣá, kó má tilẹ̀ jáde, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ilà tó ṣá yẹn náà dà?

Ìdáhùn: Bó ti wù kó ṣá tó, tó bá jáde láàárín àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé kíìtì, ilà ni. Èyí tó yọ lẹ́yìn àkókò náà, ẹ má kà á.

Mo ṣí kíìtì tuntun níwájú màmá, irú ti àkọ́kọ́. Mo gún wọn ní ìka, mo kán ẹ̀jẹ̀ kan, mo kán omi rẹ̀ lé e. Pupa náà ń fà lọ díẹ̀díẹ̀ lórí pépà funfun. Màmá tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, "Ó ń mu bí aró." Ilà tó ń jẹ́rìí pé kíìtì ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ dúró. Nígbà tó yá, òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣá bí àdìrẹ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe rí i, mo kọ ọ́ pé a ò tíì mọ̀. Wọ́n ka ọjọ́ 14 lórí ìka, wọ́n ní á bọ́ sí ọjọ́ ọjà, àwọn á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi kí àwọn tó lọ pa àtẹ.