Ọtí pípọn nílé: kì í ṣe bàbà tàbí irin ló ń mú un tutù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pọntí nílé gbà pé ohun tí ooru bá tètè ń gba inú rẹ̀ kọjá ló dára jù láti fi mú ọtí tutù nígbà tó bá ń hó (kì í ṣe híhó orí iná, bí kò ṣe ìgbà tí yíìsì ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí). Nítorí èyí, wọ́n á pa garawa ike tì, wọ́n á fowó gọbọi ra ìkòkò irin tí kì í dípata, tàbí kí wọ́n ká páìpù bàbà sínú ọtí.

Òótọ́ ni pé ooru ń gba inú bàbà kọjá ní ìlọ́po 25 ti irin tí kì í dípata, irin náà sì ju ike lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30. Ṣùgbọ́n ara garawa nìkan kọ́ ni ooru ń là kọjá. Ó tún gbọ́dọ̀ bọ́ sínú afẹ́fẹ́ yàrá, afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ sì lọ́ra láti gba ooru. Ká ní a pín gbogbo ìdènà tó wà lọ́nà rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ nìkan á kó bí 90. Ike tó nípọn mìlímítà 2 kò ju 4 tàbí 5 lọ. Torí 4 yìí lẹni tó ra ìkòkò irin ṣe náwó. (Irin kò ṣeé ha bọ̀rọ̀, ó sì rọrùn láti fọ̀, ìyẹn jẹ́ ìdí gidi láti rà á. Ti ìtutù kọ́.)

Yíìsì fúnra rẹ̀ ló ń mú ooru náà wá. Lítà 20 ọtí tí háídírómítà (ohun èlò tó ń fi bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn) ka 1.050 kí ó tó hó máa tú ooru tó lè gbé e ga ní nǹkan bí dígíìrì 12 bí kò bá ríbi jáde. Nítorí pé ó ń jáde díẹ̀díẹ̀, ọtí sábà máa ń fi dígíìrì 2 sí 4 gbóná ju yàrá lọ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Bí yàrá l'Ékòó bá wà ní 28, ọtí inú rẹ̀ lè dé 31, bẹ́ẹ̀ 18 sí 22 ni ọ̀pọ̀ yíìsì éèlì (oríṣi bíà kan) ń fẹ́. Ọtí bẹ́ẹ̀ á máa rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, á sì máa ta ọ̀fun bí ògógóró.

Ní ti páìpù bàbà, ó burú ju ìnáwó lásán lọ. Bí ọtí ti ń hó, ó ń kan. pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan: bó bá ṣe ń kéré ni ọtí ṣe ń kan sí i) á sọ̀ kalẹ̀ sí 4.5 tàbí kó tún kéré jù bẹ́ẹ̀, kíkan yìí á sì máa jẹ bàbà. Bàbà tó bá pọ̀ ń pa yíìsì lára, ó sì ń jẹ́ kí adùn ọtí tètè bà jẹ́. Kò sí láìfí bí wọ́n bá fi páìpù bàbà mú omi mọ́ọ̀tì (omi ọkà tí a kò tíì da yíìsì sí) tutù lẹ́yìn sísè, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń lò níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá dandan fẹ́ páìpù nínú ọtí tó ń hó, irin tí kì í dípata, oríṣi 304, ni kó lò.

Ohun tó yí garawa ká ló yẹ ká pààrọ̀. Gbé garawa ike sínú báàfù ńlá, bu nǹkan bí lítà 40 omi yí i ká títí omi á fi bá ojú ọtí dọ́gba, kí o sì máa fi ike omi lítà 1.5 tó ti dì nínú fírísà sínú omi náà. Lítà 1.3 ni kí o bu sínú ike kọ̀ọ̀kan kó tó wọ fírísà, kó má baà bẹ́. Ike kan máa ń mú gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ ní bíi dígíìrì 2. Má kó wọn dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà: bí ọtí bá lọ sísàlẹ̀ 16, yíìsì éèlì lè sùn lọ.

Ibí gan-an ni ohun èlò ti ṣe pàtàkì. Bí báàfù bá wà ní 20 nínú yàrá tó wà ní 30, ooru tó ń wọlé sí i tó ti gílóòbù wáàtì 60. Ike mẹ́wàá lọ́jọ́ lè má tó o. Fi fóòmù funfun tó nípọn mìlímítà 25 bo ẹ̀gbẹ́, ìsàlẹ̀ àti orí, ooru á di bíi wáàtì 13, ike mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́ á sì tó. Bí iná NEPA bá lọ fún wákàtí mẹ́wàá, ọtí kò ní gòkè ju dígíìrì 2 sí 3 lọ.

Àwọn kan ń sá fún fóòmù, wọ́n ní ó ń mú ọtí gbóná. Fóòmù kì í dá ooru sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fi yí garawa tí kò sí omi dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká, ooru yíìsì á há mọ́nú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Aṣọ tútù àti fáànù ńkọ́? Nígbà ọyẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Nígbà òjò, bí yàrá bá wà ní 30, aṣọ kò lè mú un wálẹ̀ ju dígíìrì 2 lọ.

Lẹ ojú tẹmómítà mọ́ ara garawa, nísàlẹ̀ ojú ọtí, kí o sì fi fóòmù bò ó. Bí o bá fi í sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, yàrá ló ń wọ̀n. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ wàhálà omi dídì lè wá yíìsì kveik láti Nọ́wè. 30 sí 40 ni ibi tí ara rẹ̀ ti ń yá jù.