Yìnyín ò tíì já, búrẹ́dì ti tán: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìjẹta ni fídíò kan ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà ni, wọ́n ti kéde pé yìnyín ńlá, èyí tí òyìnbó ń pè ní snow, ń bọ̀, pẹpẹ búrẹ́dì ṣófo, ibi tí mílíìkì máa ń wà ṣófo, níta ńbẹ̀ mọ́tò tò lọ rẹrẹ nílé epo. Àwọn ará Ifẹ̀ tó rí i bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n bá òun bi ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Chicago bóyá ó ti jẹun. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé ìyàn ló mú wọn ni?

Rárá o. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, búrẹ́dì á ti tún kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Ó dáa, kí ló wá jẹ́ kó tán?

Kò sí wèrè kankan láàárín wọn, ohun tó jẹ́ kọ́rọ̀ náà le gan-an nìyẹn. Ẹ mú ilé epo kan ní Lágéré, ní Ifẹ̀ níbí. Táǹkà tó wọ́pọ̀ máa ń gbé 33,000 lítà. Tí gbogbo ẹni tó wọlé bá ra 20 lítà, epo yẹn á tó èèyàn 1,650. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní epo fẹ́ wọ́n, tí kálukú ní òun á rọ táǹkì òun kún, 50 lítà, òun á sì tún gbé kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan sí bùútù, èèyàn 440 péré ló máa kó gbogbo ẹ̀ lọ. Epo ò dín, ọ̀nà ò dí, ẹnikẹ́ni ò ṣe jìbìtì, síbẹ̀ èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló máa padà sílé lófo. Súpámákẹ́ẹ̀tì náà ò yàtọ̀, búrẹ́dì ọjọ́ kan sí méjì ni wọ́n ń gbà torí pé búrẹ́dì ń bu, tí gbogbo àdúgbò bá wá ra ti ọjọ́ márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀sán ò ní pọ́n kó tó tán.

Ẹni àkọ́kọ́ ń sá fún yìnyín, ẹni kejì ń sá fún ẹni àkọ́kọ́. Àwa náà mọ̀ ọ́n jàre, tí a bá rí èrò tó ń sáré ní Ṣábó, a ó kọ́kọ́ bá wọn sáré ná ká tó bèèrè ohun tó dé.

Kí ló dé tó jẹ́ búrẹ́dì àti mílíìkì, wọn ò ra ẹ̀wà?

Búrẹ́dì ò nílò sísè, iná mànàmáná sì ni ọ̀pọ̀ ilé lọ́hùn-ún fi ń dáná, iná ọ̀hún máa ń lọ tí yìnyín bá ti wó wáyà. Nǹkan méjèèjì yìí ò sì kí ń pẹ́ nílé, kò sẹ́ni tó ní ti ọ̀sẹ̀ méjì nípamọ́. Àwọn ará ìhà Boston máa ń tọ́ka sí yìnyín oṣù kejì ọdún 1978, tó há mọ́tò tó lé ní 3,000 mọ́ ojú títì kan ṣoṣo, tí ìjọba fi ní kẹ́nikẹ́ni má wa mọ́tò fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ti fojú rí ìyẹn, wọn ò ní kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ti pé mílíìkì ń fẹ́ fíríìjì, tí iná sì fẹ́ lọ, bóyá wọ́n á gbé e síta, ìta náà ṣáà ti di fíríìjì.

Kí ló dé tí mi ò rí irú ẹ̀ ní ọjà Odò-Ògbè rí?

Ẹ ti rí i, ẹ ò kàn mọ̀ pé òun ni. Lọ́dọ̀ tiwọn pẹpẹ ló ń ṣófo, lọ́dọ̀ tiwa owó ló ń fò.

Lọ́jọ́ tí nǹkan rọrùn, ìyá onígààrí á bu kọ́ńgò, á gbé e lórí títí á fi ṣe ṣóńṣó, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e ní èènì, á máa pè yín ní oníbàárà òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ọ̀nà ti bàjẹ́ tàbí pé epo ti wọ́n, èènì ló ń kọ́kọ́ sọnù. Tó bá ṣe díẹ̀, ṣóńṣó orí kọ́ńgò náà á lọ, á fọwọ́ gbá a pẹrẹsẹ, ẹ̀yin náà á máa wò ó, ẹ ò sì ní lè sọ̀rọ̀ torí pé iye tí ẹ ń rà á tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń pè. Ọjọ́ kejì lẹ máa wá gbọ́ "ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lé lówó o."

Gààrí ò tán nínú ọjà, ẹni tówó ẹ̀ ò tó ni ò rí i rà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, tí gómìnà bá ti kéde pàjáwìrì, òfin ò gbà kí oníṣòwò ṣàdédé gbé owó gegere lé ọjà. Ìyẹn dáa fún mẹ̀kúnnù, àmọ́ nígbà tówó ò bá lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń kó o lọ, bí pẹpẹ ṣe ń ṣófo nìyẹn. Mi ò sọ pé tiwa ló dáa jù o, kí ẹnì kan má lọ sọ pé mo ní káwọn ìyá ọjà máa fowó lé ọjà. Ìpayà kan náà ni, aṣọ tó wọ̀ ló yàtọ̀.

Epo ńkọ́, kí ló kan òjò níbẹ̀?

Nígbà míì òjò ló fà á lóòótọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi kún àkúnya ní Lọ́kọ́jà, ó bo ọ̀nà tó lọ sí Àbújá, àwọn táǹkà há sẹ́yìn omi, Àbújá wá kún fún ìlà epo. Omíyalé ọdún yẹn pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu sọ lọ́jọ́ ìbúra ẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ìlà ti gùn. Èmi alára sáré gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ilé epo kan lọ́nà Ìbàdàn, mo bá géètì ní títì, bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà, ó ní kò sí epo. Èmi tí epo mọ́tò mi lé ní ìlàjì táǹkì o! Kò sóhun tó gbé mi débẹ̀ ju pé aládùúgbò mi gbé kẹ́ẹ̀gì tiẹ̀ jáde. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe é ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, epo wà nílùú wọn, awakọ̀ táǹkà ni ò tó, ìròyìn jáde, ilé epo gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó di dandan kí ṣójà wá máa wa táǹkà.

Ìjọba máa ń ní ká má páyà. Kí ló dé tí ìyẹn kì í ṣiṣẹ́?

Ẹni tí wọ́n bá ní kó má páyà ti mọ̀ pé nǹkan tó ń páni láyà ń bẹ nìyẹn.

Ìròyìn tó ń wọlé lórí fóònù lóru ńkọ́?

Ẹ rántí iyọ̀ ọdún 2014. Oṣù kẹjọ ni, Ebola ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Èkó, fóònù ń dún láago méjì òru, wọ́n ní ká fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ká sì mu díẹ̀ níbẹ̀. Irọ́ gbuu. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà náà mu ún, ó sì gba ẹ̀mí àwọn kan. Tó bá jẹ́ ti òjò àti ìjì, ẹ wo ohun tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, bá sọ kí ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì.

Ṣé ó léwu kéèyàn kó epo sínú ilé?

Ó léwu gan-an. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà, ó lè ti yàrá rìn dé ìdí sítóòfù tẹ́nikẹ́ni ò ní rí i. Ẹ má gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo mọ àwọn tó ń ṣe é.

Jẹ́nẹ́rétọ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Ní Texas, oṣù kejì ọdún 2021, yìnyín mú kí iná lọ nílé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, àwọn kan tan jẹ́nẹ́rétọ̀ nínú ilé, àwọn kan jókòó sínú mọ́tò nínú gáréèjì kí wọ́n lè rí ooru, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tó wà nínú èéfín ẹ̀, sì pa nínú wọn. Tí òjò bá ń rọ̀ tí ẹ ò fẹ́ kí jẹ́nẹ́rétọ̀ tutù, ẹ ṣe páànù lé e lórí níta, kó jìnnà sí fèrèsé, ẹ má gbé e wá sí kọ́rídọ̀.

Kí ni ká wá ṣe kí òjò ńlá tó dé?

Ẹ rà á nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rà á. Kọ́ńgò ẹ̀wà kan lé lóṣù yìí, èlùbọ́ díẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, táǹkì mọ́tò kó má máa lọ sílẹ̀ ju ìlàjì lọ. Ẹ chájì fóònù àti tọ́ọ̀ṣì kí ojú ọjọ́ tó ṣú. Kí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, torí tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹni tó ń ṣe POS á ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìyá mi ti ra àpò gààrí méjì, ṣé wọn ò ti ṣàṣejù?

Tí ẹ bá pọ̀ nílé, wọn ò ṣàṣejù. Ẹ ṣáà bá wọn gbé e kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sórí pákó, kó jìnnà sí ibi tí òrùlé ti ń jò.